Íńkubétọ̀ inú fìríìjì: bí mo ṣe bá ooru jà kí ẹyin tó pa

Fìríìjì kékeré tó ti kú ni mo fi ṣe íńkubétọ̀, àpótí tó ń pa ẹyin dípò adìẹ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ ti jó, oní-fìríìjì àdúgbò wa ní Ìbàdàn sì ti wò ó títí, ó ní kí n lọ tà á fún àwọn onírin. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ṣì le. Fóòmù tó wà láàárín páànù òde àti ike inú ṣì wà bó ṣe wà, òun ni kì í jẹ́ kí ooru wọlé nígbà tí fìríìjì ń ṣiṣẹ́, òun náà ni kò ní jẹ́ kí ooru jáde tí a bá tan gílóòbù sínú rẹ̀. Àwọn kan ń lo kúlà, àwọn kan ń lo páálí tí wọ́n fi aṣọ bò. Ó máa ń ṣiṣẹ́, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń mú iná lọ bí ẹni mú ẹran lọ́wọ́ ọmọdé, ògiri tó nípọn ló máa gbà ẹ́.

Ohun tó wà nínú rẹ̀

Gílóòbù méjì, 40 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe LED, ìmọ́lẹ̀ ni ti LED, ooru rẹ̀ kò tó nǹkan. Gílóòbù àtijọ́ tó ń jó èèyàn lọ́wọ́ ni mò ń sọ, wọ́n ṣì ń tà á l'Ógùnpa. N kò lo ẹyọ kan ṣoṣo tó lágbára torí pé gílóòbù kì í sọ fúnni kó tó jó, òru ló sì sábà máa ń yàn. Méjì tí wáyà ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, tí ọ̀kan bá kú, èkejì á gbélẹ̀ dè é títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo da agolo mílíìkì ńlá tí mo lu níhò bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí tí ẹyin bá kọjú sí gílóòbù láìsí ohun tó dínà, ìtànṣán á máa yan ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣì tutù.

Fáànù ara kọ̀ǹpútà, 12 fóltì, ló ń da afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀. Ògiri ẹ̀yìn ló kọjú sí, kì í fẹ́ sí ẹyin lára. Mo lu ihò méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, torí ọlẹ̀ inú ẹyin ń mí. Wáyà pẹlẹbẹ tí fìríìjì bá wá ni mo tẹ́ ẹyin lé, wáyà ẹyọ kan péré. Àyè ẹlẹ́ẹ̀kejì wà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dán an wò, afẹ́fẹ́ kò rọ́nà gbà láàárín àwọn méjèèjì, mo bá yọ ọ́ dànù.

Ẹ̀rọ tó ń tan gílóòbù tó sì ń pa á ni pátákó kékeré tí wọ́n ń pè ní W1209. Owó rẹ̀ kò wọ́n, ó sì ń ka dé ìdá mẹ́wàá dígírì. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: bó ṣe máa ń wá láti ọjà, ibi tí wọ́n kọ P1 sí máa ń wà lórí 2. Tí ẹ bá ní kó pa gílóòbù tí ooru bá dé 37.7, kò ní tún un tàn títí yóò fi já wá sí 35.7. Ìyẹn lè dáa fún ẹni tó ń mú omi ìwẹ̀ gbóná, kò dáa fún ẹyin. Mo sọ ọ́ di 0.3. Ó wá ń lọ láàárín 37.4 àti 37.7, ohun tí ẹyin adìẹ ń fẹ́ nínú íńkubétọ̀ tó ní fáànù nìyẹn. Èyí tí kò ní fáànù yàtọ̀: afẹ́fẹ́ gbígbóná á gòkè, tútù á wà nísàlẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń jẹ́ kó gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, orí ẹyin gan-an ni wọ́n sì máa ń gbé tẹmómítà sí.

Tẹmómítà mẹ́ta, ọ̀rọ̀ mẹ́ta

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, kí ẹyin kankan tó wọlé. Mo tan án láìní ẹyin nínú, mo kó tẹmómítà mẹ́ta sójú kan náà. W1209 ní 37.7. Ti ike tó ń ka ọ̀rinrin pẹ̀lú ní 38.9. Onígíláàsì tí mo rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan ilé ẹ̀kọ́ ní 38. Ta ni ká gbà gbọ́?

Ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbọ́kàn lé wà ní gbogbo ilé tó bá ti ní ọmọ kékeré: tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju láti 35 sí 42 lọ, àárín ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe é kó péye, àárín ibẹ̀ náà sì ni ẹyin ń gbé. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú fláàsìkì, mo fi ọ̀rá wé sẹ́ńsọ̀ W1209, ìyẹn ẹnu wáyà rẹ̀ tó ń mọ ooru, mo tẹ òun àti tẹmómítà ibà bọ inú omi náà pọ̀, mo ń rò ó títí àwọn méjèèjì fi dúró. Ti ibà ní 37.9, W1209 ní 37.1. Ó ń fi 0.8 rẹ́ wa jẹ. Ìyẹn ni pé nígbà tó ń sọ pé 37.7, inú ibẹ̀ ti lé ní 38. Ibi tí wọ́n kọ P4 sí lara W1209 la ti ń tún irú èyí ṣe, mo fi 0.8 kún un, wọ́n bá ara wọn mu. Ẹni tó bá fẹ́ lè tún un dán wò nínú yìnyín tí a fọ́ sínú omi, òdo ló gbọ́dọ̀ kà, ṣùgbọ́n tẹmómítà tó péye ní òdo lè máa parọ́ ní 37, nítorí náà ti ibà yẹn ni mo fọkàn tẹ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ni mo wá ń gbé tẹmómítà káàkiri. Ẹ̀yìn lápá òkè: 38.6. Àárín: 37.6. Iwájú nísàlẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn: 36.4. Dígírì méjì ó lé nínú àpótí tí kò ju gígùn apá mi lọ! Mo sún fáànù wálẹ̀ díẹ̀, mo gé etí wáyà pẹlẹbẹ náà kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo, ìyàtọ̀ náà wá lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìlàjì dígírì. Igun iwájú lápá ọ̀tún ṣì ń tutù díẹ̀ ju ibi yòókù lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àwọn ará Íjíbítì ti ń fi ilé amọ̀ tí wọ́n ń dáná sí pa ẹyin láti ayébáyé, tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ronú tẹmómítà. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà níbẹ̀ a máa mú ẹyin, a gbé e kan ìpéǹpéjú rẹ̀, a sì mọ̀ bóyá kí wọ́n dá iná sí i tàbí kí wọ́n dín in kù. Ohun tó wú mi lórí nípa rẹ̀ ni pé ẹyin fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, wọn ò wọn afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ lè já sílẹ̀ ní dígírì mẹ́ta tí a bá ṣílẹ̀kùn, kí ẹyin má tilẹ̀ mọ̀. Mo bá rọ omi sínú ọ̀rá kékeré, mo so ó kó tó bí ẹyin, mo ti tẹmómítà kan bọ inú rẹ̀, mo gbé e sáàárín ẹyin. Sẹ́ńsọ̀ W1209 ní tirẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ ní tòsí, torí tí a bá ki òun náà bọ omi, kò ní tètè mọ̀ pé ooru ti tó, gílóòbù á ti ṣe àṣejù kó tó pa á. Ọ̀kan ń pàṣẹ, ọ̀kan ń jẹ́rìí.

Àpò píọ̀ wọ́tà kan

Ojútùú tó wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí kò ní wáyà lára. Mo to píọ̀ wọ́tà 20, àpò kan odindi, sí ìsàlẹ̀ fìríìjì yípo gílóòbù, wọn ò kan agolo. Lítà 10 nìyẹn. Lítà omi kan máa ń tú nǹkan bí 4,200 júùlù sílẹ̀ kó tó tutù ní dígírì kan, nítorí náà lítà 10 á tú 42,000. Tí ooru tó ń jáde lára fìríìjì náà bá jẹ́ 15 wáàtì, omi yẹn nìkan á gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 kó tó já ní dígírì kan péré, láìka ẹyin fúnra rẹ̀, tí omi pọ̀ nínú rẹ̀. Láìsí omi yẹn, bí NEPA bá ti mú iná báyìí, ojú ẹni ni ooru ti ń já.

Ó ní tirẹ̀ nínú o: ó ń pẹ́ kó tó gbóná. Ẹ tan íńkubétọ̀ kalẹ̀ kí ẹyin tó dé.

Ẹyin

Ọ̀dọ̀ màmá kan lẹ́yìnkùlé wa ni mo ti ra ẹyin, adìẹ ìbílẹ̀, àkùkọ méjì wà láàárín wọn. Màmá wo fìríìjì mi títí. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ wá gbé adìẹ jù sílẹ̀, ẹ ń fi gílóòbù sàba. Tí wọ́n bá wá mú iná ńkọ́?" Mo ní, "Mà, omi wà nísàlẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní adìẹ tòun kì í rà káàdì iná. N kò rí èsì fún ìyẹn.

N kò gba ẹyin tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, n kò gba èyí tí wọ́n fọ̀, n kò gba èyí tó gùn gbọọrọ tàbí tó rí róbótó jù. Mo jẹ́ kí wọ́n sinmi lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹnu ṣóńṣó sísàlẹ̀, kí àyè afẹ́fẹ́ tó wà nídìí wọn lè padà sáyè rẹ̀. 42 ni mo tẹ́. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ X sí ẹ̀gbẹ́ kan àti O sí èkejì, kí n lè mọ èyí tí mo ti yí. Mo tún kọ nọ́ńbà àyè ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára, ibi tí mo sì gbé ẹyin sí lọ́jọ́ kìíní ló wà títí dé òpin. Bírò kò dára, ìkarahun ẹyin ní ihò tóótòòtó. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni mò ń yí wọn, kó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tó sùn mọ́jú lánàá kọ́ ló máa sùn mọ́jú lónìí.

Ní ti ọ̀rinrin, àsìkò òjò ni, n kò bu omi kankan sínú àwo. Afẹ́fẹ́ òde tó wà ní dígírì 27 pẹ̀lú ọ̀rinrin 85 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó bá wọlé tó gbóná dé 37.5, ọ̀rinrin rẹ̀ á di nǹkan bí 47. Kò jìnnà sí ohun tí ẹyin ń fẹ́ ní ọjọ́ 18 àkọ́kọ́. Ọyẹ́ ni ìyà rẹ̀ máa wà: afẹ́fẹ́ dígírì 30 tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 25, nígbà tó bá fi máa gbóná dé 37.5, 16 ni. Ẹni tó bá dáwọ́ lé e lóṣù Ọ̀pẹ tàbí Ṣẹẹrẹ kó wá àwo omi tó fẹ̀. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná ni mo fi ń ṣọ́ ọ ní tèmi. Ẹyin gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ gbẹ títí di ọjọ́ 18, ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ tó wọn gíráàmù 40 á sì lọ sílẹ̀ sí bíi 35.

Ọjọ́ keje, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ̀ wọ́n wò nínú òkùnkùn. Èyí tó dáa ní ojú dúdú kan tí iṣan pupa yọ yí i ká bí gbòǹgbò, tí ẹ bá sì dúró jẹ́ẹ́, ojú dúdú yẹn á mì. Márùn-ún mọ́lẹ̀ gbòò, àkùkọ kò dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn. Méjì ní òrùka ẹ̀jẹ̀ nínú, ọlẹ̀ wọn ti kú. Mo yọ méjèèje, ó ku 35.

Iná

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, tíráńsífọ́mà àdúgbò bú. Fáànù àti W1209 wà lórí bátìrì sólà kékeré, wọn ò dúró, gílóòbù nìkan ló kú. Mo dí ihò òkè díẹ̀, n kò dí i pa. Mo gbé búláńkẹ́ẹ̀tì bo fìríìjì. Lálẹ́, nígbà tí ẹlẹ́rìí inú ọ̀rá bọ́ sí 36, mo se omi, mo rọ ọ́ sínú gálọ́ọ̀nù lítà mẹ́rin méjì, mo gbé e sí iwájú píọ̀ wọ́tà, kò kan ẹyin. Mo ń pààrọ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń tutù. Ibi tó bọ́ sí jù lọ kílẹ̀ tó mọ́ ni 34.1.

Ẹ̀rù kò bà mí púpọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀. Òtútù díẹ̀ kì í tètè pa ọlẹ̀, ó máa ń fà á sẹ́yìn ni. Adìẹ tó ń sàba náà ń dìde lọ jẹun. Ooru àpọ̀jù ni ọ̀tá: tí ẹyin bá kọjá 40 fún wákàtí díẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀ ńbẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá ń bu omi gbígbóná, ọwọ́ tútù ni kẹ́ ẹ fi mú un.

Èyí tó tiẹ̀ yọ mí lẹ́nu ju kí wọ́n mú iná lọ ni kí wọ́n mú un wá lábọ̀. Tíráńsífọ́mà dé padà, haáfù kọ́rẹ́ǹtì dé pẹ̀lú rẹ̀. Mítà mi ka 155 fóltì dípò 230. Gílóòbù pọ́n rẹ̀rẹ̀ bí ojú ẹni tí kò sùn, ooru tó ń mú jáde kò ju díẹ̀ lé ní ìdajì lọ, W1209 sì ń dúró kó dé 37.7, kò dé ibẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Mo fi gílóòbù kẹta sí i, oní-60, tó ní síwíìsì tirẹ̀ lóde, ìgbà tí iná bá rẹ̀ nìkan ni mò ń tàn án. Wáyà rẹ̀ náà gba inú W1209 kọjá, kó má baà di pé fóltéèjì gòkè padà lóru tí gílóòbù mẹ́ta sì ń jó láìní olórí.

Ọ̀rọ̀ olórí yìí ló mú mi so W1209 kejì mọ́ ti àkọ́kọ́ látìbẹ̀rẹ̀, kí iná gba inú àwọn méjèèjì kó tó dé gílóòbù. 38.4 ni mo fi èkejì sí, kò ní iṣẹ́ kankan ju kó já iná lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni iṣẹ́ rẹ̀ kàn án. Rílé ti àkọ́kọ́, ìyẹn síwíìsì orí pátákó náà tó ń tan gílóòbù tó sì ń pa á, lẹ̀ mọ́ra, ó ní òun ti pa gílóòbù, gílóòbù sì ń jó lọ. Afẹ́fẹ́ dé 38.4, èkejì já a. Mo fi ìdí sukurudíráfà gbá rílé náà pẹ́ẹ́, ó jábọ́, mo pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ má ṣe íńkubétọ̀ tó jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ooru rẹ̀.

Ẹyin fúnra rẹ̀ ń mú ooru jáde ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn yẹn pẹ̀lú. Ọmọ inú rẹ̀ ti ń tóbi, ara rẹ̀ ń gbóná. Mo rí i pé gílóòbù kò fi bẹ́ẹ̀ tàn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́rìí àárín ń lọ sí 38.2 nígbà tí afẹ́fẹ́ ṣì wà ní 37.6. Mo fa W1209 wálẹ̀ sí 37.3, mo sì ṣí ihò òkè sí i.

Láti ọjọ́ 18

Mẹ́ta tún ti kú láàárín, mo yọ wọ́n, 32 ló kù. N kò yí ẹyin mọ́. Mo tẹ́ aṣọ nẹ́ẹ̀tì sábẹ́ wọn kí ẹsẹ̀ ọmọ má baà yọ̀, mo bu omi sínú àwo, mo sì ki kàn-ìn-kàn-ìn tó rin sínú rẹ̀ títí ọ̀rinrin fi dé 68. Mo ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ 21 dé, ẹyin kan ṣoṣo ló sán. A ń gbọ́ ohùn wọn nínú ẹyin, àwọn ọmọ ilé fẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn, mo ní rárá: tí ọ̀rinrin bá jáde lójijì, awọ funfun inú ẹyin á gbẹ mọ́ ọmọ lára, kò ní lè yí ara rẹ̀ mọ́. Òtútù ọjọ́ kẹsàn-án ló ń gba ẹ̀san rẹ̀. Lọ́jọ́ 22, láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bọ́ síta lọ́kọ̀ọ̀kan, rírin gbindin, wọ́n ń wó lu ara wọn. 24 ló pa. Ìdodo wọn ti jinná, ẹsẹ̀ wọn le. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀pìpì, màmá ti ní tòun ni.

Mo fọ́ mẹ́jọ tó kù

Ẹ má ju ẹyin tí kò pa nù láìfọ́ ọ, inú rẹ̀ ni àlàyé wà. Ẹ lọ síta o, ẹ bo imú yín. Méjì orí wọn wà lápá ẹnu ṣóńṣó, kò síbi tí wọ́n fẹ́ gbà mí. Ọ̀kan sán, kò lágbára láti parí rẹ̀. Márùn-ún ti pé tán, ìyẹ́ lára, ṣùgbọ́n pupa ẹyin ṣì wà níta ikùn wọn, wọn ò tilẹ̀ tíì ki ẹnu bọ àyè afẹ́fẹ́. Ọmọ tó pẹ́ sẹ́yìn ló ń rí bẹ́ẹ̀, òtútù ló ń fà á.

Mo wá wo nọ́ńbà ara ìkarahun. Mẹ́rin nínú márùn-ún ló ti igun iwájú lápá ọ̀tún wá, igun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn.

Mo mú bébà pẹlẹbẹ, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, mo fà á. Lókè, kò ṣeé fà, bébà fẹ́ẹ́ ya. Lápá òsì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, lẹ́bàá ìkọ́ ilẹ̀kùn, bébà yọ wẹ́rẹ́. Rọ́bà ilẹ̀kùn ti tẹ̀ síbẹ̀ láti ìgbà tó ti ń ṣe fìríìjì. Mo fi aṣọ tí mo rì bọ omi gbígbóná lé e títí ó fi rọ̀, mo fi ọwọ́ fà á síta, mo jẹ́ kó tutù bẹ́ẹ̀, mo wá fi fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tì í lẹ́yìn. Bébà kò yọ mọ́. Mo tún gbé tẹmómítà sí igun náà di ọjọ́ kejì: 37.4.

Ẹyin awó ló kàn. Màmá ti rí ẹni tó ń sin ín lápá Mọ́níyà. Ọjọ́ 26 sí 28 ni tiwọn máa ń gbà, ìkarahun wọn sì le, tọ́ọ̀ṣì fóònù kò fi bẹ́ẹ̀ ran án. Mo ti ra tọ́ọ̀ṣì tó lágbára, mo sì ti ra rílé méjì sílẹ̀.